Ọkùnrin Tó Ta Ilẹ̀ Abẹ́ Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ooru. Wọn ò mú iná wá láti àárọ̀. Àwọn ará Èkó dé sí Ayétòrò lónìí, ẹrù kún inú bọ́ọ̀sì wọn débi pé wọ́n so àga mọ́ òrùlé. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Mọ́rẹ́olúwa. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀ṣunníyì dáadáa, ó wá yọ awò dúdú ńlá kan jáde, ó ní kí wọ́n dè é mójú.

Ẹ̀gbọ́n mi dè é. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ó ní òun rí òkun, òun rí ẹja tó tóbi ju ilé lọ. Ó ká ṣòkòtò sókè kí omi má baà kàn án. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bọ́ awò yẹn, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé gun kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Eré Atalẹ̀, ti ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀, ni wọ́n fẹ́ gbà sínú ẹ̀rọ. Mọ́rẹ́olúwa ní ẹni tó bá de awò náà, ì báà jẹ́ ìlú òyìnbó ló wà, yóò bá ara rẹ̀ láàárín agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì máa jó níwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Bàbá, bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè jó mọ́, ẹ ó ṣì máa jó," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wo orúnkún rẹ̀. Birikilà ni, ó ti gun àtẹ̀gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ ní láíbìrì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tọ́jú àṣà. N kò tíì ka èyí tó sọ ibi tí ìtìjú ń gbé nínú ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ síwèé. Mo ka ìwé náà sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Ó wà níbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ ṣe Eré Atalẹ̀ ní gbangba títí wọn yóò fi ṣí èyí tó wà nínú awò. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọ̀ lóṣù yìí kan náà.

"Kóredé, ìwọ a máa wá egungun nínú ẹ̀wà. Ṣé Atalẹ̀ nìkan leré tá a ní ni?"

Màmá Ifákẹ́mi, Ìyáláṣẹ̀ wa, olórí agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bó orógbó. "Ẹni tí eré fẹ́ bá wí lọ́dún yìí ńkọ́?" ni wọ́n béèrè.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Olóyè Bámgbóṣé ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mọ́nsúrátù gun ọ̀kadà wá láti ọ̀nà Ìbèsè nínú oòrùn ọ̀sán, tòun ti ààwẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹbí Olóyè kó tó kú, lórí rẹ̀ ló ti ń dá ẹ̀gẹ́ bọ́ àwọn ọmọ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ló jí débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí òpó síméntì mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́ àárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Olóyè ti tún un tà fún ará Ṣàgámù kan.

"Bàbá Dámilọ́lá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò ní ṣe Atalẹ̀ mọ́?" ló bi mí.

"A ó ṣe é. Inú awò la ó ti ṣe é ni."

"Inú awò ta ni?"

Mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Kóòtù ní kí n padà wá nínú oṣù karùn-ún," ló wí. "Lọ́yà ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ni mo ń jẹ ní sààrì. Ohun tí mo fọkàn tẹ̀ ni pé ẹ ó pè é sí agbo."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí eré wa bá bá wí kò gbọdọ̀ bínú, kò sì gbọdọ̀ sá. Ó ní láti bọ́ sí agbo níwájú ìlú, kí Ìyáláṣẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kàn án léjìká, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò tún ṣe. Láyé bàbá wa, àwọn tó dáhùn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ṣé gbogbo wọn ló tún un ṣe? N kò mọ̀. Àwọn tí kò tún un ṣe, a kì í ròyìn wọn.

N kò sọ ìyẹn fún un.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Ó ń rí mi lára láti kọ ọ́.

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kíláàsì kan ní ilé ìwé, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ síta. Wọ́n wọ ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ kan tó fún mọ́ ọn lára bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n lẹ iná kéékèèké mọ́ ọrùn ọwọ́, mọ́ ìgbúnwọ́, mọ́ orúnkún tó ń dùn ún. Kò sí igi orí tí a fi ń bojú, wọ́n ní àwọn yóò ya igi náà lé e lórí nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí onílù, inú àpótí ni ìlù ti ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí nínú agbo láti kékeré mi, dúró síbẹ̀ níhòòhò orí, ewú rẹ̀ ń tàn lábẹ́ iná.

Ó fa ṣòkòtò sókè bí Olóyè ṣe ń fà á kó tó sọ̀rọ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó fi nu ẹ̀yìn ọrùn. Alfred, ọmọ Ifọ̀nyìntẹ́dó tó ń wo kọ̀ǹpútà fún wọn, ní kó gbé áńkáṣíìfù náà sílẹ̀, ó ń bo iná ọrùn. Ó gbé e sílẹ̀.

Ó na okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀. Ó wọn ilẹ̀ ibi tó yẹ kí onílù wà, ó tà á. Ó wọn ibi tí ìdí àwọn ìyá àgbà ì bá wà, ó tà á. Gbogbo ibi tó bá tà, ó di dandan kó fò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ku ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan tẹ̀. Ó gbé òsì sókè, ó wo ìyẹn náà, ó kígbe, "Ta ni yóò rà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí agbo ti dáhùn pé, "A ti rà á lánàá." Ìgbà tí agbo bá dáhùn ni Atalẹ̀ tó ń ṣubú. Bí wọn ò bá dáhùn, kì í mira. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ṣe kọ́ ọ.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ará Èkó rò pé ijó ni. Mọ́rẹ́olúwa pàápàá gbé ọwọ́ sí àyà, ó ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ́wà. Mo ń wo orúnkún ọ̀tún yẹn tó ń gbọ̀n, iná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e sílẹ̀. Ó ń dúró dè wá.

Mo dáhùn láti igun yàrá: "A ti rà á lánàá."

Ó ṣubú. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Mọ́rẹ́olúwa wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ohùn yín ti bà á jẹ́. Bàbá, ẹ bá wa tún un ṣe."

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi wú. Omi gbígbóná àti iyọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Wọ́n pè wá kí a wá wò ó. Èmi náà de awò mójú.

Agbo náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi àràbà wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì dára ju ti Ọlọ́run lọ. Igi orí ẹ̀gbọ́n mi ń dán bí ike tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àwọn ènìyàn yí agbo ká, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sí ẹni tó ń jẹ gúgúrú, kò sí ẹni tó ń bá ọmọ jà. Áńkáṣíìfù kò sí. Fífa ṣòkòtò kò sí. Ọkùnrin kan ṣáá ni, a ò mọ ẹni tó jọ.

Ó kígbe pé ta ni yóò rà. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kò ṣubú. Ó dúró sínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń jó lọ.

Mo bọ́ awò. "Kí ló dé tí kò ṣubú?"

Alfred ní nígbà tó ṣubú lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ bo àwọn iná kan, ẹ̀rọ rò pé àṣìṣe ni, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó ní òun lè dá a padà.

"Má dá a padà," ni Mọ́rẹ́olúwa wí. "Ó dà bí ẹni tó ń fò. Ó wù mí."

"Ṣíṣubú yẹn leré náà," ni mo wí. "Ó ti ta gbogbo ilẹ̀ tán, kò ku ibi tí yóò tẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Àmọ́ níbí, kò nílò kó tẹ nǹkan kan."

Kò sọ ọ́ láti fi mí ṣẹ̀sín. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Nínú ayé tí wọ́n kọ́ yìí, ènìyàn lè ta ilẹ̀ títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó sì máa jó lọ.

Wọ́n tún fi í hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí ohun tí mi ò fọkàn sí lákọ̀ọ́kọ́. Kí agbo tó ṣí, orúkọ ẹni tó gbówó iṣẹ́ náà sílẹ̀ jáde ní àwọ̀ wúrà. Olóyè Bámgbóṣé.

Mo bi Mọ́rẹ́olúwa bóyá ó mọ ẹni tí eré náà fẹ́ bá wí lọ́dún yìí. Ó ní Olóyè sọ fún àwọn pé òun ò fẹ́ kí àṣà ó kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Olóyè ló gbówó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún.

"Ó wá wò mí nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú," ló wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìpara wá."

"Nítorí ìpara?"

"Ìwọ lo ń sọ pé nítorí ìpara."

"Bàbá wa fi àna ara wọn ṣe Atalẹ̀ láàárín agbo. Ojú àna wọn ni."

"Bàbá wa ní orúnkún."

Mo dìde, mo lọ. Lójú ọ̀nà mo ń rò ó bóyá èmi náà ni mo ń ṣe ojú ayé, èmi tí n kò jó rí, tí mo ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ jà fún òdodo.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀. Gaàrí ti gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí ẹnu ibodè pọ̀. Ọdún bẹ̀rẹ̀ lánàá. A jó ti ọlọ́tí, a jó ti olùkọ́ tó ń sùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín bí ẹni ń san gbèsè. Olóyè Bámgbóṣé jókòó síwájú, ó ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ọrùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mọ́nsúrátù dúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn títí a fi ká ìlù. Kò wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀. Toheebat, ọmọ Mọ́nsúrátù, gbé ìrẹsì wá fún wa. Ó ní wọ́n ti da yanrìn sórí ilẹ̀ náà, ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti ṣe ayẹyẹ awò tán ni birikilà yóò bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Ayẹyẹ náà wáyé nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. Wọ́n fi okùn pupa pín àga: iwájú jẹ́ ti àwọn ènìyàn ńlá, ẹ̀yìn jẹ́ ti ìlú. Awò kò tó. Àwọn tó wà níwájú ni wọ́n kọ́kọ́ dè é fún, àwa tó kù jókòó, à ń wo àwọn tó ń wò. N kò rí ìran tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbàlagbà tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń na ọwọ́ sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Olóyè dìde dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Láyé wa, ẹni tó ń bú ènìyàn ló ń bo ojú, ojú ẹni tí a ń bú a sì wà ní gbangba. Lónìí, òun ni wọ́n bo ojú fún.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dún láti inú àpótí: "Ta ni yóò rà?"

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dáhùn. Gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A ti rà á lánàá."

Olóyè rò pé inú awò ló ti wá. Ó kan sáárá.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dìde. Búbá àti ṣòkòtò lásán ló wọ̀. Ó tú okùn pupa tí wọ́n fi pín àga, ó sì lọ síwájú Olóyè. Ó wọn ilẹ̀ yí bàtà rẹ̀ ká. Ó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé ikùn, ó yí okùn ká ikùn náà, ó ronú, ó tú u, ó tún un wọ̀n bí ẹni pé ó fẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Ìlú ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fa ṣòkòtò sókè. Olóyè, tó kàn ń bá ìlù inú awò jó, fa ṣòkòtò tirẹ̀ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹ̀yìn ọrùn. Ooru mú Olóyè, òun náà yọ tirẹ̀, ó nu ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ̀rín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni Olóyè ń jó sí i, nítorí ó rò pé gbogbo wa jọ ń wo ohun kan náà ni. Fóònù ti wà lókè níbi gbogbo. Mọ́rẹ́olúwa náà ń rẹ́rìn-ín, kò tíì yé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ta gbogbo ilẹ̀ tán. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Ó kígbe fúnra rẹ̀, kì í ṣe inú àpótí: "Ta ni yóò rà?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Mọ́nsúrátù ti dìde lẹ́yìn.

"Ọkọ mi ti rà á," ló wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀gẹ́ mi wà lórí rẹ̀."

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Mo mọ bó ṣe ń ṣubú nínú eré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣubú. Orúnkún náà dún.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú kí Olóyè bọ́ awò. Ó rí arúgbó kan nílẹ̀, ó rí okùn pupa tó yí bàtà òun ká, ó rí Mọ́nsúrátù lórí ìdúró.

"Olóyè," ni Màmá Ifákẹ́mi wí láti orí àga wọn, "agbo ń retí ìdáhùn."

Ó wò wá yí ká. "N kò rí nǹkan kan," ló wí. "Inú awò ni mo wà."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn náà, ó sì jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè dìde. Dókítà ní kì í ṣe wíwú lásán mọ́, nǹkan ti já nínú rẹ̀. Mọ́rẹ́olúwa wá, ó sunkún, ó ní òun ò mọ̀. Mo gbà á gbọ́, kò sì dín ohun tó wà lọ́kàn mi kù. Ó béèrè bóyá àwọn lè lo fídíò ti inú gbọ̀ngàn náà. Mo ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin

Ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Ọlọ́kadà tó gba owó lé lọ́wọ́ mi láàárọ̀, nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, inú awò ni mo wà." Fídíò náà ti dé Ìláròó, ó ti dé Kútọnu. Ọmọ mi Dámilọ́lá ní ẹnìkan ti fi èdè Faransé kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

Olóyè wá sí agboolé wa láìgbé mọ́tò. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló mú un wá, wọ́n ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i níbi iṣẹ́. Olóyè bẹ̀ wá pé ká ní kí wọ́n pa á rẹ́ nínú fóònù. Tí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun yóò yọ ọwọ́ kúrò lórí ilẹ̀ obìnrin yẹn, òun yóò wá ibòmíràn fún ará Ṣàgámù.

"Fóònù ta ni a fẹ́ pa á rẹ́ nínú rẹ̀, Olóyè?" ni mo béèrè.

Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gẹ́. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọkọ tó kú. Kò béèrè ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀. Fídíò ṣáá. Mo wo ẹnu rẹ̀ tó ń lọ.

Màmá Ifákẹ́mi ní àwọn ò lè pa nǹkan kan rẹ́. Wọ́n ní ìdáhùn ni ìlú ń retí, wọ́n sì ní kó lọ dáhùn lórí ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹrin

Òjò dáwọ́ dúró láàárọ̀, a lọ sí ọ̀nà Ìbèsè. Èrò pọ̀ ju èyí tí mo rò lọ. Olóyè mú lébírà méjì wá láti hú òpó náà, Màmá Ifákẹ́mi ní rárá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó ká aṣọ, ó di òpó mú, ó mì í títí. Ilẹ̀ rọ̀, òpó já lójijì, ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kàn án léjìká. Ó ní ilẹ̀ yìí, ti Mọ́nsúrátù ni, òun kò ní tà á mọ́. Ojú fóònù ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo sún mọ́ Mọ́nsúrátù. Mo ní kò dùn mọ́ mi nínú. Mo ní ìtìjú kọ́ ló mú un wá, ẹ̀rù fóònù ni.

Ó ti ń fi ọkọ́ wa yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Dámilọ́lá," ló wí, "ohun tó wà nínú ọkùnrin yẹn, òun àti Ọlọ́run ló ni ín. Ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ ń tẹ ẹ̀gẹ́ mi mọ́lẹ̀."

Mo lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ibùsùn. Ó fẹ́ mọ bí òpó ṣe já. Mo sọ fún un. Ó ní òun ò ní kí n sọ ọ́, kí n ṣe é ni. Mo bọ́ bàtà, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mo mì í, mo fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di itan mú.

"O ò mọ̀ ọ́n rárá," ló wí. "Ìdí ló kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe orí. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe.